Róbótó Dúdú Inú Géèmù, àti Ọjọ́ tí Wọ́n Fọ́ Ilẹ̀kùn Wa

Tí ọkùnrin kékeré inú géèmù náà bá kú, ojú tẹlifíṣọ̀n kì í ṣàdédé ṣú. Òkùnkùn á kọ́kọ́ yọ láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á máa ká a mọ́, ìmọ́lẹ̀ á wá ku róbótó sí ara ọkùnrin náà nìkan. Róbótó yẹn á máa kéré sí i, á tó bí ojú ẹyẹ, á tó bí ihò abẹ́rẹ́, á sì pa dé. Ìgbà yẹn ni ojú tuntun á ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi kì í sọ̀rọ̀ tó bá ń pa dé. Àwọn ọmọ tó kù á máa pariwo, wọ́n á máa já páàdì gbà lọ́wọ́ ara wọn, àwa méjèèjì á la ẹnu sílẹ̀, a ó máa wò ó.

Ìfọ́n ni a ti ń gbá a, ní pálọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin. Ìlobù ni ilé tiwa. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ibẹ̀ ò lè mọ ibi tí ìlú kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ilé fara kan ilé, títì kan náà ló gba àárín wọn kọjá. Ọmọ Ìfọ́n ni ìyá mi, ọmọ Ìlobù ni bàbá mi, kò sì sí ẹni tó sọ fún mi nígbà náà pé ó yẹ kí n mú ọ̀kan. Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n ìyá mi yìí fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ. Àǹtí ni mo ń pè é. Àǹtí náà ni mo sì ń pè é títí dòní.

Pálọ̀ yẹn kì í ṣe ibi ìtura. Páàdì ò tó, àwa ọmọ sì pọ̀. Ẹni tó bá kú gbọ́dọ̀ gbé páàdì sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbà pé òun ti kú? Ìkúùkù ló ń dá ẹjọ́ náà. Lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin kan láti ilé kejì fi páàdì gbá mi lójú, awọ òkè ojú mi là, ẹ̀jẹ̀ bò mí lójú. Àǹtí gbé àpótí ìjókòó, ó là á mọ́ ọmọ náà lẹ́yìn. Nígbà tí ìyẹn ṣubú, ó tún là á mọ́ ọn, títí ìyá rẹ̀ fi sáré wọlé. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ síwájú mi, ó fi etí ìró rẹ̀ nu ẹ̀jẹ̀ ojú mi. Mo rò pé ó fẹ́ rẹ̀ mí lẹ́kún ni.

Ó ní, "Ṣé o rí bó ṣe pa dé lẹ́ẹ̀kan? Kì í pa dé sí àárín o. Ọ̀dọ̀ ẹni tó kú ló máa ń pa dé sí."

Bàbá mi ló fòpin sí i. Alùfáà ilé kéú ni, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan létí títì níbi tó ti ń ta ìwé àti ẹní ìkírun. Mo ti pa ìrun àlàásàrí jẹ lọ́pọ̀ ọjọ́ nítorí géèmù yẹn, ẹnìkan sì lọ ta á lólobó. Ó fẹsẹ̀ rìn láti Ìlobù dé Ìfọ́n pẹ̀lú pàṣán lọ́wọ́. Ó nà mí, ó na Àǹtí, ó na ọmọ tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tí kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n rí. Ó wá fa ẹ̀rọ géèmù náà tu tòun ti wáyà, ó là á mọ́ ilẹ̀ símẹ́ńtì, ó sì fi gìgísẹ̀ bàtà tẹ̀ ẹ́ títí ó fi di wẹ́wẹ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ẹni tó fi owó ara rẹ̀ rà á, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Nígbà tí bàbá mi ṣe tán, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní, "Àna, ẹ jókòó kí ẹ mu omi." Bàbá mi jókòó, ó mu omi.

Bí a ṣe dàgbà, Àǹtí kọ́ iṣẹ́ ọnà yíyà, èmi kọ́ bí a ṣe ń kọ kóòdù. A háyà yàrá kan ní Òṣogbo, a ń ṣe áàpù fún ẹni tó bá fẹ́: òun ni ó ń ya ojú rẹ̀, èmi ni mo ń mú kó ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni a wà tí ọkùnrin kan fi pè wá láti Èkó. Ó ń ṣe áàpù ìṣirò fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, ó sì fẹ́ kí ó dà bíi géèmù ayé àtijọ́, àgàgà bí ojú kan ṣe ń lọ tí òmíràn ń bọ̀. Ó ń wá ọ̀rọ̀ tó máa fi ṣàlàyé, ó ní, "Ẹ ṣáà mọ̀, tó bá ń pa dé báyìí, róbótó..." Àǹtí ké tòò. Ọkùnrin náà rò pé nǹkan ṣe é.

Ohun tó le níbẹ̀ ni pé fóònù òde òní ti mọ iṣẹ́ jù. Tí mo bá ní kí róbótó pa dé, á máa yọ̀ lọ bí òróró. Ẹ̀rọ géèmù tiwa ayé ìgbà náà kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ṣe ló máa ń fò, á dúró, á tún fò, etí róbótó náà á sì rí págunpàgun bí eyín ayùn. Mo ní láti kọ́ fóònù ní àìmọṣẹ́. Màá kọ ọ́, Àǹtí á gbé fóònù sún mọ́ ojú, á ní, "Ó ṣì ń yọ̀." Màá tún un kọ. "Ó ṣì ń yọ̀." Yàtọ̀ sí róbótó, ọ̀kan wà tí àwòrán máa ń fọ́ sí onígun mẹ́rin kéékèèké, tí wọ́n á máa tóbi títí tí o ò fi ní mọ ojú ẹni tó wà níbẹ̀ mọ́. Òmíràn ni àwọn ọ̀pá dúdú tó máa ń yọ láti ọ̀tún àti òsì, bí ìgbà tí ènìyàn bá ki ìka ọwọ́ méjèèjì bọ ara wọn.

A jà lórí rẹ̀ dáadáa. Mo ti ṣe róbótó náà kó máa pa dé sí àárín fóònù nítorí pé ìyẹn rọrùn. Àǹtí ní ibi tí ọmọ bá fi ìka kàn gbẹ̀yìn ni kó pa dé sí. Mo ní, "Àǹtí, kò sẹ́ni tó máa mọ̀." Ó ju ife tíì mọ́ ògiri, ó ní, "Èmi á mọ̀." Mo tún un ṣe. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ wò, tí òkùnkùn náà tẹ̀ lé ìka mi dé igun ìsàlẹ̀, ara mi bù máṣọ.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti wà láàárín àwọn ìlú wa kí a tó bí bàbá mi. Á rọlẹ̀, á tún ru. Lọ́dún yẹn, ó ti ń ru bọ̀ láti ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n àwa rò pé ẹnu lásán ni. Kò sí iná ní Òṣogbo lọ́sẹ̀ náà, Àǹtí sì wá sùn ní ilé wa ní Ìlobù nítorí pé a ní sólà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a ti jókòó ti iṣẹ́, ìyá mi ń ro ẹ̀kọ lẹ́yìnkùlé. A gbọ́ nǹkan tó dún gbà. Mo ní táyà ló bẹ́. Ó tún dún, ó dún léraléra, igbe àwọn obìnrin sì tẹ̀ lé e láti ọ̀nà títì.

Fóònù Àǹtí dún. Bàbá rẹ̀ ni. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ibi tí mo jókòó sí: "Má wá sílé o! Ibikíbi tó o bá wà, dúró síbẹ̀. Wọ́n ti ń jó ilé..." Fóònù náà gé.

Àǹtí dìde, ó ń wá bàtà. Mo dì í mú. Ó gbá mi létí, mi ò fi í sílẹ̀, ó bù mí jẹ lápá títí eyín rẹ̀ fi wọnú ẹran. Ìyá mi ló sáré wọlé, ó fà á lọ sí yàrá tí a ń kó iṣu àti ẹrù sí, ó tì í sínú rẹ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ náà sí àyà. Àǹtí ń fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn. Ìyá mi fi ẹnu kan ilẹ̀kùn náà, ó ní, "Tí ariwo rẹ bá jáde, wọ́n á pa gbogbo wa." Àǹtí ṣíwọ́ gbígbá ilẹ̀kùn.

Àárín ìgbà yẹn náà ni wọ́n pe bàbá mi pé àwọn ọ̀dọ́ kan láti Ìfọ́n ti dáná sun ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bàbá mi ti di arúgbó báyìí. Ó ní, "Inná lilláhi," ó gbé fóònù kalẹ̀, ó sì ń wo ọwọ́ rẹ̀.

Wọn ò pẹ́ dé. Mo yọjú láti fèrèsé, mo rí wọn: àdá, igi, àáké, ìbọn ìbílẹ̀ kan. Ẹni tó ṣíwájú wọn ni mẹkáníìkì ọ̀kadà tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa, ẹni tó máa ń wá fi fóònù gba iná ní ilé wa, tó máa ń jẹun tí oúnjẹ bá bá a níbẹ̀. Bàbá mi ṣí ìdajì ilẹ̀kùn, ó dúró sí i.

Mẹkáníìkì náà ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Wọ́n ní ọmọ Ìfọ́n wà nínú ilé yín. Ẹ jẹ́ kó jáde."

Bàbá mi ní, "Ọmọ Ìfọ́n méjì ló wà nínú ilé mi. Ìyàwó mi ni ọ̀kan. Èwo lẹ fẹ́?"

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Òmíràn kígbe pé, "Àwọn èèyàn rẹ̀ ló dáná sun ṣọ́ọ̀bù yín!"

"Ṣọ́ọ̀bù mi ló jó. Ṣé mo bẹ̀ yín lọ́wẹ̀ ẹ̀san?"

Ó fẹ́ ti ilẹ̀kùn. Wọ́n fi àáké bẹ́ ẹ. Páákó fò sí mi lójú. Bí ilẹ̀kùn ṣe wó, àdá kan bọ̀ láti òkè, bàbá mi sì gbé apá sókè láti fi bo orí. Mi ò gbọ́ pé ó ké. Mo rí ẹran tó là, mo rí egungun tó funfun nínú rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ tó bò ó. Nǹkan kan já nínú mi. Mo gbé fáànù onírin tó wà nílẹ̀, mo sì ń fi lu ẹni tí ọwọ́ mi bá bà. Mo gbọ́ bí ẹnu ẹnìkan ṣe fọ́ lábẹ́ rẹ̀, ó dùn mọ́ mi, mo tún gbé e sókè láti fi lu ibẹ̀. Igi bà mí lórí láti ẹ̀yìn. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, mo ń wo bí wọ́n ṣe ń fi bàtà tẹ kọ̀ǹpútà wa mọ́lẹ̀, àwọn ọ̀pá dúdú yẹn ṣì ń lọ ń bọ̀ lójú rẹ̀ títí ó fi ṣú.

Mẹkáníìkì náà ti dé ẹnu ọ̀nà yàrá ẹrù. Ó ń fi èjìká ti ilẹ̀kùn. Ìyá mi yọ láti ẹ̀yìnkùlé, ó fi aṣọ ìdáná di ìkòkò ẹ̀kọ náà mú, ó ṣì ń hó. Kò pariwo, kò kìlọ̀. Ó sún mọ́ ọn tó ìgbésẹ̀ kan, ó sì da gbogbo rẹ̀ sí i lójú.

Ẹ̀kọ gbígbóná kì í ṣe omi. Omi á ṣàn lọ; ẹ̀kọ á lẹ̀. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì nù ún, awọ sì ń bá ọwọ́ rẹ̀ bọ̀. Igbe rẹ̀ kò jọ ti ènìyàn. Gbogbo àwọn tó kù dúró sójú kan. Ìyá mi gbé ìkòkò òfìfo náà sókè, ó ní, "Èmi náà, ọmọ Ìfọ́n ni mí! Ẹ wá mú mi!" Wọ́n gbé ọ̀rẹ́ wọn, wọ́n sá.

Ìyá mi yọ kọ́kọ́rọ́ láyà, ó ṣílẹ̀kùn fún Àǹtí. A fi ìborùn ìyá mi di apá bàbá mi. Ọ̀nà títì ti di ojú ogun, nítorí náà a gba inú oko sí ọ̀nà Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun. Àǹtí fi èjìká gbé bàbá mi, ó sì fi ọwọ́ kejì gbé apá tó là náà sókè kí ẹ̀jẹ̀ má baà ṣàn jù. Láàárín oko ẹ̀gẹ́ kan, a bá ọkùnrin kan tó dojú bolẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ti fọ́, eṣinṣin ti dé. Aṣọ iṣẹ́ ló wọ̀. Kò sí ohun tó fi hàn bóyá ọmọ Ìlobù ni tàbí ọmọ Ìfọ́n. Bàbá mi ní kí a dúró, ó ṣe àdúà fún un, a sì tẹ̀síwájú. Ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ni awakọ̀ kan ti gbé wa dé ọsibítù ní Òṣogbo.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n gbé bàbá Àǹtí wá sí ibẹ̀ kan náà. Wọ́n ti dáná sun ilé rẹ̀ mọ́ ọn lórí. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, onírin, ló fi ọwọ́ méjèèjì tì kí ó tó rọ́nà jáde, irin náà sì ti pọ́n. Wọ́n tẹ́ ẹ sí bẹ́ẹ̀dì tó kọjú sí ti bàbá mi. Àwọn méjèèjì wo ara wọn.

Bàbá mi ní, "Àna, ẹ kú ewu."

"Ẹ kú ewu, àna. Wọ́n ní wọ́n ṣá yín."

"Wọ́n ṣá mi. Ẹ̀yin náà ńkọ́?"

"Èmi, wọ́n sun mí." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Wọ́n ti se wá tán. Ó ku kí wọ́n jẹ wá." Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún.

Ìjọba ṣe òfin kónílé-ó-gbélé fún àwọn ìlú wa, a kò sì lè padà sílé. Èmi àti Àǹtí ń sùn sí yàrá iṣẹ́ wa. Kọ̀ǹpútà ti lọ, ṣùgbọ́n kóòdù wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọkùnrin ará Èkó náà bá wa kẹ́dùn, ó tún sọ pé ilé-ìwé ń dúró de òun. A yá kọ̀ǹpútà, a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ohun tí Àǹtí ń yà kò dára lójú mọ́. Ó ya ojú kan tó fọ́ bíi gíláàsì, tí àfọ́kù rẹ̀ ń fò bọ̀ wá bá ẹni tó ń wò ó. Ó ya òmíràn tó pọ́n láti ìsàlẹ̀, tó ń jó àwọn nọ́ńbà ìṣirò títí wọ́n fi di eérú. Ọkùnrin náà pè, ó rọra sọ pé, "Àǹtí, àwọn ọmọ kéékèèké ni o." Àǹtí ṣépè fún un, fún ìyá rẹ̀, fún gbogbo Èkó, ó sì pa fóònù. Mo ní láti lọ máa bẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí mo fẹ́ dán róbótó wò lórí fóònù mi, mo rò pé Àǹtí ń sùn. Bí òkùnkùn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ká ìmọ́lẹ̀ mọ́, ó gbá fóònù náà dànù lọ́wọ́ mi, ó lọ fọ́ lára ògiri. Ó ní, "Ihò kọ́kọ́rọ́ nìkan ló mọ́lẹ̀ nínú yàrá yẹn. Gbogbo ohun tí wọ́n ṣe fún yín, ibẹ̀ ni mo fi wò ó. Mo rí ọkùnrin yẹn tó ń bọ̀, ó ń tóbi, ó ń tóbi, ó wá dí ihò náà."

Mo ní, "Màá yọ ọ́ kúrò, Àǹtí. Kò sí ohun tó le níbẹ̀."

"Má yọ ọ́. Ọmọ tó máa fi ṣe ìṣirò ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ìwọ nìkan ni kó o parí ẹ̀. Má fi hàn mí."

Mo dá a ṣe. Kò sẹ́ni tó ń sọ fún mi bóyá ó ṣì ń yọ̀, nítorí náà mo máa ń lọ sí gbàgede láti wò ó, mo sì ń bi ara mi ní ìbéèrè tí òun ì bá bi mí. Áàpù náà jáde. Inú àwọn ọmọ dùn sí i ju bí a ṣe rò lọ. Ọkùnrin ará Èkó pè wá pé olùkọ́ kan ń ráhùn: àwọn ọmọ ń mọ̀ọ́mọ̀ mú ìdáhùn tí kò tọ́ kí wọ́n lè rí bí ó ṣe ń pa dé. A ní láti tún un ṣe kí róbótó máa yọ fún ẹni tó bá dáhùn bó ṣe tọ́ pẹ̀lú. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Àǹtí, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ àkọ́kọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ náà ni àwa ṣe ń mọ̀ọ́mọ̀ kú."

Àǹtí àti bàbá rẹ̀ kò padà sí Ìfọ́n. Òṣogbo ni wọ́n wà. Àwa padà sí Ìlobù nígbà tí ọ̀nà ṣí, a fi ilẹ̀kùn mìíràn síbẹ̀. Apá bàbá mi jinná, ṣùgbọ́n kò lè gbé e kọjá èjìká mọ́.

Lọ́jọ́ kan, ìyá mẹkáníìkì náà wá sí ilé wa. Òun àti ìyá mi jọ ń ná ọjà láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní ìyàwó tuntun. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó kí wa kú àfojúbà, kò sì dìde. Ìyá mi kò ní kó dìde.

Obìnrin náà ní, "Ojú rẹ̀ kan ti lọ. Wọ́n ní èkejì á là."

Ìyá mi ní, "Mo gbọ́."

"Kò lè jáde. Àwọn ọmọdé ń sá fún un."

Ìyá mi fẹ̀yìn ti ògiri. Ó ní, "Ìyá wọn, mi ò ní purọ́ fún yín. Mi ò ní bẹ̀ yín. Tó bá tún wọ ibí yìí bẹ́ẹ̀ lónìí, màá tún dà á sí i."

Obìnrin náà mi orí. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò yẹ̀. Ó ní, "Mo mọ̀. Èmi náà á dà á."

Ó pẹ́ kí ìyá mi tó na ọwọ́ sí i. Ó fà á dìde, ó fún un ní àga, àwọn méjèèjì sì jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun àlàásàrí.